Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́

“Ẹ rọra fà á. Wáyà yẹn ti ń já,” ni ọmọ àbúrò mi wí fún ọkùnrin tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀.

Ọkùnrin náà fa wáyà náà yọ, ó gbé kọ̀ǹpútà, ó jáde. Èkejì rẹ̀ ń tú àwọn ìwé orí pẹpẹ. Ọ̀gá wọn jókòó sórí àga àlejò, ó na ẹsẹ̀ bí ẹni tó wá kí ará ilé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ni wọ́n.

Ìwé ìròyìn kékeré ni tiwa. Yàrá mẹ́ta la ní, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Ọmọ àbúrò mi ni olóòtú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ka gbogbo ojú ìwé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, kí n yọ àṣìṣe kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a ti gbé ìròyìn jáde pé òjé olóró láti ara páìpù àtijọ́ wà nínú omi ẹ̀rọ apá kan ìlú, pé ìjọba mọ̀, pé wọ́n sì dákẹ́. Ẹnìkan ní ilé iṣẹ́ omi ìjọba ló fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí wa nípa ímeèlì. Ẹni náà ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá rí i, ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọ àbúrò mi nìkan ló mọ ẹni tó jẹ́.

“Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni í gbé,” ló wí nígbà tí mo béèrè. N kò béèrè mọ́.

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Láti ìgbà tó ti di olóòtú ló ti ní lẹ́tà kankan kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé a tì í. Ó kọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ wo àgádágodo,” ó ní. “Ẹni tó fẹ́ tì í kò nílò kọ́kọ́rọ́. Á kàn tẹ̀ ẹ́ pa ni. Ẹni tó fẹ́ ṣí i ló nílò rẹ̀. Èmi á pín àgádágodo mi ní ṣíṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí mi, kó fi tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi nìkan ló wà.”

“Ilé iṣẹ́ tó ń bá wa gbé ímeèlì ńkọ́?” mo bi í.

“Wọn ò lè ṣí i.”

“Ìjọba?”

“Wọn ò lè ṣí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rí ẹ̀yìn àpò lẹ́tà. Wọ́n ń rí ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sí, ìgbà tó kọ ọ́, àti àkọlé tó fi sí i. Àgádágodo ò bo ìyẹn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.”

Iṣẹ́ tó ṣe síbẹ̀ ni mo yìn ín fún jù. Ó pa á láṣẹ pé àkọlé kan ṣoṣo ni gbogbo lẹ́tà yóò máa ní: “Ẹ kú iṣẹ́.” Ó tẹ ibi tí ènìyàn ti lè gba àgádágodo rẹ̀ sójú ìwé kejì, ó ní kí àwọn òǹkàwé máa fi kọ ohunkóhun sí òun. Ohunkóhun. Wọ́n kọ ọ́. Àwọn kan ro ẹjọ́ ọkọ wọn. Àwọn kan kọ àwàdà. Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú wọn. Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ó di dandan kí àwa náà máa kọ sí ara wa.

“Kí ni kí n kọ?” ni Ìyá Onítíì, tó ń po tíì fún wa, béèrè.

“Ẹ kọ bí ṣúgà ṣe kù sí.”

“Ṣé ìjọba wá fẹ́ mọ̀ nípa ṣúgà wa ni?”

“Wọn ò ní mọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn,” ni Oníbọ́ọ̀lù wí. Òun ló ń kọ ìròyìn eré ìdárayá. “Mo bú yín lánàá, inú àgádágodo ló wà.”

“Mo ti kà á. Kọ́kọ́rọ́ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èsì rẹ ń bọ̀ lọ́nà. Má kà á níwájú ìyàwó rẹ o.”

Báyìí ni ẹni tó fi èsì omi ránṣẹ́ ṣe wọ àárín èrò. Ewé kan ni nínú igbó.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ padà wá. Obìnrin kan tó wọ awò ojú bá a wá. Òun ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà wọn. Ọ̀gá náà ju ìdì ìwé sórí tábìlì.

“Màdáámù, ilé iṣẹ́ ímeèlì ti kó gbogbo lẹ́tà yín fún wa. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́! Ta ni gbogbo àwọn èèyàn yìí ń kí?”

“Èmi ni. Ẹ ò rí i pé mo ń ṣiṣẹ́ ni?”

Oníbọ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé kan yọ.

“Eléyìí ò kí yín. ‘Omi’ ni àkọlé tó fi sí tirẹ̀. Akọ̀wé kan ní ilé iṣẹ́ omi ló kọ ọ́. Ó ti wà lọ́dọ̀ wa láti àná.”

Mo wo ojú ọmọ àbúrò mi. N kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

“Ó ní ẹ̀rọ omi ilé òun tó bàjẹ́ lòun kọ̀wé lé lórí,” ni ọ̀gá náà wí. “Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ ṣí i. Lẹ́tà kan péré. Bó bá jẹ́ òótọ́, á sùn nílé rẹ̀ lónìí.”

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí akọ̀wé yẹn bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń wá, ṣíṣí lẹ́tà náà ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Bí kì í bá ṣe òun, ṣíṣí i á dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn á ní kó ṣí òmíràn, àti òmíràn, títí wọn á fi kan ẹni náà.

“Mi ò lè ṣí i,” ni ọmọ àbúrò mi wí.

“Ẹ ò fẹ́ ni.”

“Mi ò lè ṣí i. Mo ti pa kọ́kọ́rọ́ náà rẹ́.”

“Ìgbà wo?”

“Kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fíláàṣì. Mo pa méjèèjì rẹ́. Kò sí ẹ̀kẹta.”

“Irọ́!” Ọ̀gá náà yíjú sí obìnrin tó bá a wá. “Ẹ sọ fún un pé irọ́ ni.”

Obìnrin náà bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ún. “Òótọ́ ni, ọ̀gá. Mo ti wá a kanlẹ̀. Ó pa á rẹ́ bó ṣe yẹ.”

“Ẹ fi agbára ṣí lẹ́tà náà.”

“Ọ̀gá, bí ẹ bá kó gbogbo kọ̀ǹpútà orílẹ̀-èdè yìí jọ, ọmọ ọmọ yín á darúgbó tì í.” Ó wo ọmọ àbúrò mi. Ó jọ pé òun náà fẹ́ kí i kú iṣẹ́.

Wọ́n mú ọmọ àbúrò mi lọ. Ó lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní àtìmọ́lé. Wọ́n bi í léèrè orúkọ ẹni náà. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun kò sì ní sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́, adájọ́ béèrè ohun tó wà nínú lẹ́tà akọ̀wé. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò mọ̀ ju àkọlé ‘Omi’ lọ. Adájọ́ ní òun kò lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí tolórí tẹlẹ́mù ń mu. Ó dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Nígbà yẹn, wọ́n ti ń hú páìpù àtijọ́ jáde lójú pópó.

Mo lọ pàdé ọmọ àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́. Ó ti rù.

“Ṣé akọ̀wé yẹn ni?” mo bi í.

“Bàbá.”

“Mo ti dákẹ́.”

A délé kí n tó rántí. Àbúrò mi, bàbá rẹ̀, ti kú ní ọdún tó kọjá. Nílé ìwòsàn, ojoojúmọ́ ni bàbá yìí ń kọ ímeèlì sí ọmọ rẹ̀, tó sì ń tì í. Ó fẹ́ràn títì yẹn. Ó ní òun lè ro ẹjọ́ àwọn dókítà bó ṣe wù òun. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tí a lè fi ṣí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá a wọ sàréè.

“Lẹ́tà bàbá rẹ ńkọ́?”

“Àgádágodo kan náà ni.”

“O ò kọ́kọ́ ṣí wọn tọ́jú kí o tó pa kọ́kọ́rọ́ náà rẹ́?”

“Ẹnìkan pè mí pé wọ́n ti ń bọ̀. Bí mo bá dúró ṣí wọn, wọ́n á ti wọlé.” Ó bọ́ bàtà rẹ̀. “Mo ṣí ọ̀kan. Mo rí ‘Ọmọ mi’. Mo pa á dé.”

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn àwọn akíkanjú, tí mo ń yọ àṣìṣe inú rẹ̀. Eléyìí wà níwájú mi, ó ń wá sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

Àwọn lẹ́tà àbúrò mi wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ímeèlì, wọ́n sì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹnikẹ́ni kò lè kà wọ́n. Èyí tó kù fún wa ni ìwé pélébé kan tó fi bírò kọ sí mi láti orí ibùsùn: kí n bá òun ra bátìrì rédíò, kí n má ra gbàrọgùdù.