Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Láì Rí Oòrùn

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, oòrùn ò fojú kàn mí! Àní ó wá mi délé lẹ́ẹ̀mẹta, ó kanlẹ̀kùn, ó ní kí n dákun kí n jáde. Mo ní kó máa lọ síbi tó ti ń bọ̀!"

Bàbá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ sọ ní Páànù ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó nà gbalaja lórí ibùsùn dókítà awọ ara, fìlà rẹ̀ wọ̀ ọ́ dé ìpénpéjú. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kan páànù sórí ilé onílé, oòrùn sì ti hun ojú rẹ̀ jọ bí ìwé tí ewúrẹ́ jẹ tó tún pọ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà ò rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin yìí fi jù ú lọ, ojú rẹ̀ sì ń dán bí àwo tuntun. Láàárọ̀ yẹn, ọmọge tó ń gba orúkọ lẹ́nu ọ̀nà ti sọ fún un pé, "Mà, ẹ jẹ́ kí bàbá yín jókòó." Ìgbà kẹrin nìyẹn lọ́dún náà. Páànù yí i sí àwàdà, ó ní òun lòun pọn ìyàwó òun dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un bí ìṣó. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló mú un wá gba ìtọ́jú iná tó ń na ojú tó hun, dókítà sì ti ní kó kọ́kọ́ sá fún oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

"Iná ẹ̀rọ yìí ò ní bó awọ yín," dókítà wí. "Abẹ́ rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ, á mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ kí awọ lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ojú, iná lè jó o, kó dá àpá tí ò ní lọ mọ́ síbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tún un bi yín nìyẹn."

"Inú yàrá ni mo wà, dókítà. Ẹ bi ìyàwó mi."

"Ibẹ̀ ni mo ń fi í sí láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́," obìnrin náà wí. "Mo tiẹ̀ ra kọ́tìnnì tuntun."

Nọ́ọ̀sì fi gíláàsì dúdú bò ó lójú, ó fi nǹkan tútù pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbọ́n. Páànù mọ̀ pé irọ́ lòun pa. Láràárọ̀, bí ìyàwó rẹ̀ bá ti yà ní kọ̀rọ̀ báyìí, òun á gba ibi iṣẹ́ lọ, á gun àkàbà. Ta ló fẹ́ kó máa kan páànù wọ́ lórí ilé tí òun ti bẹ̀rẹ̀? Ogún ọdún ni wọ́n ní irọ́ fi ń sáré kí òtítọ́ tó bá a. Tirẹ̀ ò tíì pé oṣù kan, ó ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Kó jẹ́wọ́ ni àbí? Ó la ẹnu, ìhàlẹ̀ ló jáde.

"Ẹ tan án! Iná tó bá jó mi, òun ló máa wú!"

"Ẹ ṣí fìlà yín," dókítà wí.

"Fìlà yìí? Wọ́n bí i mọ́ mi ni."

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó fà á yọ.

Níbi tí fìlà bò, iwájú orí rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ojú dúdú bí ìdí ìkòkò, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì pààlà láàárín wọn bí ẹni pé orí ènìyàn méjì ni wọ́n so pọ̀.

"Baálé mi," ìyàwó rẹ̀ rọra wí, "ta ni mo wá ra kọ́tìnnì yẹn fún?"

Páànù fò sílẹ̀. Ó ti gíláàsì sókè orí, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń ké pé òun ń lọ bá oòrùn parí ìjà. Ó ré ọmọge ẹnu ọ̀nà kọjá bí ẹ̀fúùfù. Lóde, ọ̀sán gangan ni, títì funfun báláú. Ó sáré dé orígun kejì kó tó kíyè sí i pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọgbọ̀n ọdún, ibòòji ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ẹsẹ̀ òun ń tọ̀.