Nọ́ọ̀tì Márùn-ún tí Mo Fi Ń Yangàn

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi jẹ́ Ìyàwó Ààrẹ ní páàkì àjàgbé Coconut, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, oyè náà dùn. Tapólì àti okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀ àjàgbé ni mò ń tà. Kí Yínúsà ọkọ mi tó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àjàgbé wa, Ìyá Onítapólì lásán ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tó wọlé tán, àwọn awakọ̀ tó bá gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá á fọn fèrè, wọ́n á ní, "Ìyàwó Ààrẹ, ẹ káàárọ̀ o!" Èmi náà á tún gèlè mi ṣe.

Ẹ̀rí ipò náà wà nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, lórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀: nọ́ọ̀tì táyà márùn-ún nínú abọ́ tánganran kan. Nọ́ọ̀tì la fi ń dìbò nínú ẹgbẹ́ wa. Páàkì mẹ́sàn-án ló wà, láti Coconut títí dé Warehouse Road. Tí ọjọ́ ìbò bá pé, alága páàkì kọ̀ọ̀kan á ju nọ́ọ̀tì kan sínú dúróòmù ẹni tó bá wù ú, ìyẹn ló sì dúró fún gbogbo awakọ̀ páàkì rẹ̀. Ọkọ mi rí márùn-ún, Mùtíù tí wọ́n jọ du ipò náà rí mẹ́rin. Inú àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo kó márùn-ún yẹn sí lọ sílé, mo sì nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Àlejò kan kì í wọlé wa kí n má fi hàn án.

Ó ku bí oṣù mẹ́ta kí ìbò mìíràn dé nígbà tí Ogechi wá bá wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ogechi nìkan ni obìnrin tó ń wa àjàgbé ní páàkì Coconut. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ló wí, ó sì ṣí ìwé kan. "Mo ti lọ ka àwọn awakọ̀ páàkì kọ̀ọ̀kan. Páàkì márùn-ún tó gbé yín wọlé, gbogbo wọn pọ̀, èèyàn méjìdínlọ́gọ́ta ni. Coconut nìkan, igba ó lé mẹ́fà. Àwa igba ó lé mẹ́fà, nọ́ọ̀tì kan. Àwọn mọ́kànlá tó wà lẹ́yìn tank farm, níbi àgbá epo ńláńlá yẹn, àwọn náà nọ́ọ̀tì kan. Abeg, Bàbá, how e take balance?"

Yínúsà gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo fèsì. "Ogechi, ṣé Mùtíù ló rán ẹ ni?"

"Màmá, nobody send me. Ọdún méje ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí, mi ò tíì dìbò rí."

Mo rí i tí ojú ọkọ mi lọ sórí abọ́ tánganran.

Níbi ìpàdé ọ̀sẹ̀ yẹn, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ó dìde, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, awakọ̀ kan, nọ́ọ̀tì kan. Gafar, alága páàkì ẹ̀yìn tank farm, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, gbá tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, àwa tá a gbé yín débẹ̀ lẹ fẹ́ sọ di yẹpẹrẹ?"

"O ò ní í di yẹpẹrẹ, Gafar. Ìwọ náà á ju tìẹ. Ẹyọ kan."

Wọ́n fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ti gbọ́, wọ́n ti kún ìta ọ́fíìsì fọ́fọ́. Àwọn alága yọjú lójú fèrèsé, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Kí n má purọ́, inú bí mi burúkú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ gbì. Ní ọjọ́ kẹrin mo tú u sílẹ̀. "Bàbá Suwaibat, ẹ ti fọwọ́ ara yín gbé ipò fún Mùtíù. Èèyàn méjìdínlọ́gọ́ta lẹ máa rí. Ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Coconut."

Ó ní, "Ìyá Suwaibat, tí mi ò bá rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, a jẹ́ pé mi ò fìgbà kankan jẹ́ ààrẹ wọn." Ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù.

Àárọ̀ Sátidé ni ìbò náà, ní páàkì Coconut. Wọ́n gbé dúróòmù méjì kalẹ̀, ọ̀kan fún ọkọ mi, ọ̀kan fún Mùtíù. Mi ò tíì rí i rí kí awakọ̀ tò bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé epo ni wọ́n ń dúró dè. Olúkúlùkù á na nọ́ọ̀tì tó mú wá láti inú ọkọ̀ rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn rí i, á sì jù ú sínú dúróòmù. Kò sẹ́ni tó lè ju méjì, nítorí gbogbo páàkì ló ń gbọ́ ọ tó bá balẹ̀.

Ó wá kan awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ebikabowei. Gafar tó dúró níwájú ìlà dá a dúró. "Ọkọ̀ ẹ ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti oṣù mẹ́ta. Kò sí ọkọ̀, kò sí nọ́ọ̀tì." Àwọn méjìlá mìíràn tí ọkọ̀ tiwọn náà ti bàjẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ka àwọn mẹ́tàlá náà dáadáa: mẹ́sàn-án ló dé fìlà tí Mùtíù pín fún àwọn tó ń tì í lẹ́yìn. Inú mi dùn. Mo ní nínú ọkàn mi pé Gafar, Ọlọ́run á bù kún ẹ.

Ebikabowei pariwo: "Oga Yínúsà! Na person dey vote abi na motor?"

Ọkọ mi jáde síwájú. Ó wo àwọn fìlà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun náà mọ̀ ọ́n kà bí èmi. Ó wá lọ sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ṣí àpótí irinṣẹ́, ó kó nọ́ọ̀tì sínú etí ẹ̀wù rẹ̀, ó sì pín in fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá.

"Èèyàn ló ń dìbò," ó wí. "Gafar, yà lọ́nà."

Ebikabowei ju tirẹ̀ sínú dúróòmù Mùtíù, kò tijú, lẹ́yìn náà ló wá bọ ọkọ mi lọ́wọ́.

Ogechi ló ka nọ́ọ̀tì náà sókè, tí gbogbo wa sì ń bá a kà á. Mùtíù: igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Yínúsà: igba ó lé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo ti ṣírò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é. Nínú àwọn mẹ́tàlá yẹn, mẹ́sàn-án ju tiwọn sí ti Mùtíù, mẹ́rin sí ti ọkọ mi. Ká ní Gafar lé wọn padà, ọkọ mi ì bá fi ẹyọ kan borí. Nọ́ọ̀tì inú àpótí òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kúrò lórí ipò.

Ó kó kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì fún Mùtíù, wọ́n sì dì mọ́ra wọn. Èmi bú sẹ́kún. Ẹkún ìbànújẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń sun, àmọ́ nígbà tó yá ni nọ́ńbà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí. Igba ó lé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Méjìdínlọ́gọ́ta ni mo pè fún un. Àwọn èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò béèrè èrò wọn rí tò sínú oòrùn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn yan ọkọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí mi wú. Ọkọ mi rèé o, èmi ni mo fẹ́ ẹ!

Mo nu ojú mi, mo ní mò ń gbé dúróòmù ọkọ mi lọ sílé, tòun ti nọ́ọ̀tì inú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fà á, kò mì. Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ rọra o!" Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sórí ọkọ̀ Ogechi, Ebikabowei ló ṣáájú wọn, gbogbo wọn ló sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ogechi ń fọn fèrè títí a fi dé Ajégúnlẹ̀.

Nọ́ọ̀tì márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn, mo kó wọn fún Ebikabowei kó fi de táyà ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí mẹkáníìkì bá tún un ṣe tán. Dúróòmù wà lẹ́nu ọ̀nà wa títí di òní. Àlejò kan kì í wọlé kí n má ní kó gbé e wò.