Àga Òǹkàwé

Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, òun ni ó máa ń jókòó sórí àga òǹkàwé. Èmi àti òun la jọ ń kọ́ àwọn tí yóò di olùtọ́jú ilé ìkàwé. Iṣẹ́ tiwa ni láti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ìbéèrè wá ìdí ọ̀rọ̀ ẹni tó wá béèrè ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ ohun tó gbé wọn wá. Èyí tí kò nira láti sọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ.

A kì í ka ìwé sí wọn létí. Tábìlì kan àti àga méjì la máa ń gbé síwájú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á jókòó, ọkọ mi á wọlé bí òǹkàwé, á jókòó sórí àga kejì, á ní òun ń wá ìwé nípa ajá. Kó tó sọ ọ́ tán, akẹ́kọ̀ọ́ ti sáré dé ìdí pẹpẹ ìwé, ó ti kó ìwé ajá wá bí ẹni kó igi ìdáná. Ọkọ mi á ṣí wọn wò, á dúpẹ́, á sì jáde. Ìgbà tó bá padà wọlé ni á tó sọ pé òun ò ní ajá. Ajá aládùúgbò ni kò jẹ́ kí òun sùn, òun sì ń wá bí òun ṣe máa bá onítọ̀hún sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Òǹkàwé ni wọ́n ń pè é.

Ó kú nígbà ìsinmi. Nígbà tí a wọlé padà sílé ẹ̀kọ́, olórí ẹ̀ka wa, ọkùnrin tí mo lè bí lọ́mọ, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ó yẹ ká gba ẹ̀kọ́ náà sínú ẹ̀rọ. Mà á dúró níwájú kámẹ́rà, mà á to àwọn ìbéèrè náà lẹ́sẹẹsẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa wò ó lórí fóònù wọn.

Ó ní, “Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Màmá, ta ni yóò jókòó sórí àga yẹn báyìí?”

Mo ní èmi ni. Ó ní òun á wá wò ó. Bí kíláàsì náà bá lè dúró láìsí Bàbá, kó dúró. Bí kò bá lè dúró, ká gbà á sínú ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kíláàsì yẹn nìkan ló kù tó ń mú mi jáde nílé.

Lọ́jọ́ náà, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo ti múra ìtàn kan sílẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe fìdí kan àga báyìí, ìtàn náà fò lọ. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé mo ń wá ìwé nípa oúnjẹ sísè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ayára-bí-Àṣá ló kọ́kọ́ ṣe olùtọ́jú. Orúkọ rẹ̀ ro ó. Ó ti kó ìwé wá kí n tó pa ẹnu dé. Mo ṣí wọn wò, mo dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olórí ẹ̀ka wo aago rẹ̀.

Ẹni kejì jẹ́ obìnrin tó ti tọ́ ọmọ yanjú kó tó wá sílé ẹ̀kọ́. Ìyá Kíláàsì ni wọ́n ń pè é. Òun kò tilẹ̀ wo apá pẹpẹ. Ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ sè é fún. Mo ní fún ara mi. Ó dákẹ́, ó ń wò mí. Àwa la kọ́ wọn pé ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ ìbéèrè.

Mo ní, “Oúnjẹ ẹni méjì ni mo mọ̀ ọ́n sè. Mò ń dín in kù, síbẹ̀ ó ń ṣẹ́kù.”

Ẹnìkan kí mi ní pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn. Ìyá Kíláàsì gbọ́wọ́ sókè sí i pé kó dákẹ́.

Ó ní, “Ṣé ìwé tó ń kọ́ni ní oúnjẹ kékeré lẹ̀ ń wá, mà, àbí ẹ fẹ́ mọ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jẹun nígbà tó ku àwọn nìkan?”

Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi, gbogbo ayé ló ti sọ fún mi pé kí n mọ́kàn le. Kò tíì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Mo ní, “Ìkejì ni.”

Ó dìde, ó bá mi rìn dé ìdí pẹpẹ, kò ṣíwájú mi. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀.

Ó ní, “Kò sí níbí, mà. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ n bá yín wá a níbòmíràn.”

Nígbà tí wọ́n túká, olórí ẹ̀ka wá bá mi. Ó ní kíláàsì náà dúró, kò sí kámẹ́rà tó lè ṣe èyí. Ó wá béèrè bóyá nínú àpò ìtàn Bàbá ni mo ti yọ ti òní. Mo ní tèmi ni. Ó wolẹ̀, ó ní kí n máa rọra, ó sì lọ.

Mo jókòó padà. Mo dúpẹ́ pé iṣẹ́ mi kò bọ́. Ṣùgbọ́n irú ìròyìn báyìí, ọ̀nà ilé ni èmi àti ọkọ mi ti máa ń sọ ọ́ ká tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, mi ò sì mọ ẹni tí n ó sọ ọ́ fún.