Tíṣà Tó Ní Ká Má Gbọ́ Òórùn

Ilé-iṣẹ́ epo kan ló rán Tíṣà Kọ́lájọ wá sí Molutehin, abúlé apẹja kan létí omi, pé kó wá kọ́ àwọn obìnrin ní yógà, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Omi ló bàjẹ́, ọkàn ni wọ́n wá tún ṣe.

Moríkẹ́ ká ẹsẹ̀ pọ̀ sórí afárá pákó láàárín àwọn yòókù. Sójà méjì tó sin tíṣà wá dúró lẹ́nu afárá. Ta ni yóò dìde? Bẹ́ẹ̀, àwọ̀n Moríkẹ́ wà nínú omi lẹ́yìn ilé, ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un. Epo rọ̀bì kì í fọ̀ kúrò lára àwọ̀n. Nítorí náà, ẹni tó bá dẹ àwọ̀n níbẹ̀, bí omi bá ti ń kún, a gbé imú sókè, a gbọ́ ohun tí afẹ́fẹ́ ń sọ; bí òórùn epo bá ti dé, a sáré lọ fa àwọ̀n jáde.

"Ẹ pa ojú dé," ni Kọ́lájọ wí, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Kí etí yín wọlé, kí imú yín wọlé, bí ìjàpá ṣe ń fa orí wọ inú ìkarahun."

"Ìjàpá tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, inú ìkòkò ló ń lọ," ni Rhoda, aládùúgbò Moríkẹ́, sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Moríkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ojú kan ló pa dé. Ó ń fi èkejì ṣọ́ sójà. Ni òórùn náà bá dé.

"Tíṣà... epo ń bọ̀ o."

"Òórùn lásán ni, Màmá. Ẹ jẹ́ kó kọjá bí ìkùukùu."

"Ìkùukùu wo ló ń lẹ̀ mọ́ àwọ̀n?"

Síbẹ̀ kò dìde. Ẹ̀rù. Ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó mí lẹ́ẹ̀kejì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Òórùn ń le sí i. Ó bá fò dìde.

"Sójà, ẹ yìnbọn tí ẹ bá fẹ́. Mò ń lọ."

Àwọn sójà yẹ̀ fún un. Àwọn pàápàá ti fi fìlà bo imú.

Ó wọ ọkọ̀, ó wà á débi àwọ̀n, ó ń fà á, ó ń fà á. Ìdajì jáde ní mímọ́. Ìyókù dúdú, ó ń yọ̀. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé e láàárín.

"Màmá!" Kọ́lájọ ń ké láti orí afárá. "Ìbẹ̀rù ló ń dà yín láàmú!"

"Ìbẹ̀rù ló gba ìdajì yìí là," ni Moríkẹ́ fèsì. "Mímí tí ẹ ní kí n máa mí ló jẹ ìyókù. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó gbé àjẹ̀, ó ń wá ibi tí omi ṣì mọ́.