Ibi Tí A Gbé Wúfà Sí

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Òwe yìí ò parọ́, síbẹ̀ òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́ fún wa ní ìlú Klaten, nílé Bàbá Wignya, bàbá ìyàwó mi.

Ọ̀la ni yóò pé ẹgbẹ̀rún ọjọ́ tí ìyá ìyàwó mi jáde láyé. Àwọn ará àdúgbò ń bọ̀ wá ṣàdúà, wọn yóò jẹun, a ó sì lo kásẹ́ẹ̀tì kan fún wọn: Ìyá ń kọrin, Bàbá ń lu agogo idẹ ńlá nínú ẹgbẹ́ eléré wọn. Ìyá olóhùn oyin, a-kọrin-bí-ẹni-ń-tú-òwú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán an wò, ohùn agogo ọ̀hún kò jáde.

“Ìyá yín ń fò, kò rílẹ̀ bà sí,” ni Bàbá wí. “Bí agogo ò bá dún, ẹ má lo kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́la. Ẹ̀sín ni.”

Wuryani, ìyàwó mi, ló ń tún ẹ̀rọ ohùn ṣe fún ìdajì ìlú yìí. Ọkàn rẹ̀ kò mì. A kírun Alaasari tán, ó wo inú pálọ̀ yíká. Sípíkà kékeré méjì wà lọ́tùn-ún àti lósì. Wúfà, àpótí tó ń gbé béèsì, ìyẹn ohùn tó rinlẹ̀, jáde, wà láàrin ògiri ẹ̀yìn gan-an, níbi tí agogo ńlá máa ń wà lẹ́yìn gbogbo ohun èlò tó kù, bí ọba lórí ìtẹ́. Bàbá fúnra wọn ló gbé e síbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ fi òdòdó sí i lórí.

“Ibẹ̀ gan-an ló ń pa ohùn agogo,” ni Wuryani wí. “Ẹ dìde lórí àga yín, Bàbá.”

Ó gbé wúfà sórí àga, ó ní kí n tan kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní Bísímílà, mo tàn án. Ni òun bá ń rákòrò nílẹ̀, ó ń dẹ etí sí igun gbogbo.

“Kí ló sọnù?” Bàbá bi í. “Ṣé yẹtí ni?”

“Agogo yín ni mò ń wá. Ibi tí mo bá ti gbọ́ ọ nílẹ̀, ibẹ̀ la ó gbé àpótí sí. Tí ẹ bá padà jókòó, ẹ̀yin náà á gbọ́ ọ.”

“Àgbàlagbà tó ń rá bí alángbá.”

“Alángbá tí ẹ bí ni.”

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, nítòsí garawa ìrẹsì, ló dúró. Mo kúnlẹ̀ tì í. Béèsì náà wọ̀ mí láyà wẹ́rẹ́.

“O fẹ́ gbé agogo sẹ́bàá ìrẹsì?” Bàbá fajú ro. “Ṣé orí nìyẹn, àbí ẹsẹ̀?”

“Ẹ kó òdòdó yín tẹ̀lé e. Ìyá fẹ́ràn oúnjẹ, wọn ò ní bínú.”

A gbé e síbẹ̀. Wuryani dín béèsì kù títí tí kò fi bo ohùn ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yọ ẹnu wáyà wúfà méjèèjì, ó fi ọ̀kan sípò èkejì, ó gbọ́, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dá a padà. Bàbá jókòó. Ìyá gbé orin sókè, wọ́n nà án, wọ́n nà án. Agogo pẹ́ díẹ̀, bí Bàbá ti máa ń mú un pẹ́, ó wá bọ́ sílẹ̀: gbììììn. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ti gbéra lórí itan wọn kí wọ́n tó mọ̀.

Orin parí. Ni Bàbá bá kọjú sí mi.

“Bá mi gbé garawa ìrẹsì yẹn kúrò,” ni wọ́n wí, “kí àyè gba àpótí náà dáadáa.”