Wọ́n Ní Àwọn Kọ́ Ló Ni Ín

Làmídì, àlá tí mo lá mọ́jú òní kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. O mọ̀ pé èmi ni mo ń ti àwọn aláìsàn kiri nílé ìwòsàn wa. Nínú àlá náà, ìyàwó mi olóògbé ló wà lórí kẹ̀kẹ́ tí mò ń tì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kìíní kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, wọ́ọ̀dù kejì ló ni aláìsàn yìí." Ní ìkejì, Jídé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá wa, ẹ̀yin ni iṣẹ́ yìí mọ́ lára jù, ẹ bá wa tì í síwájú." Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójú ayé nìyẹn: wọ́n á bọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n á sì di iṣẹ́ wọn lé mi lórí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà di oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi, síbẹ̀ wọ́ọ̀dù tò lọ láàárín ebè, wọ́n ṣì ń kúnlẹ̀.

Ìyàwó mi gbójú sókè. "Bàbá Dúpẹ́, ṣé wọn ò tíì mọ ẹni tó ni mí ni?"

Mo pariwo mọ́ wọn pé, "Èmi ni mo ni ín." Ariwo yẹn ló jí mi. Ará ilé wa ń bi mí láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Bàbá, kí lẹ sọ pé ó jẹ́ tiyín?"