Onígbọ̀wọ́ Hamdalah

Dádì Gówọ̀n kò wo ojú Hamdalah nígbà tó sọ pé òun ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Ife tíì ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Dádì, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ rí mi ní ẹ́ḿbásì."

"Mo mọ̀."

Bàbá Hamdalah ti kú; àbúrò bàbá náà ni ọkùnrin yìí. Àlàájì Abdulganiyy ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé Gowon Estate ló ń gbé, Dádì Gówọ̀n ni gbogbo ẹbí ń pè é. Yunifásítì kan ní Jámánì ti gba Hamdalah láàyè láti wá lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Omi kànga Ìjẹ̀gùn ló ń ṣèwádìí lé lórí láti ìgbà tí páìpù epo ti gbiná ládùúgbò náà, ẹ̀rọ tó nílò kò sì sí níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará ọ̀hún yóò fún un ní ẹ̀rọ àti ibùsùn. Oúnjẹ àti owó ọkọ̀ kò sí ńbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ḿbásì fi ní kí ẹni tó lówó ní báńkì fọwọ́ sí i pé òun yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀. Dádì Gówọ̀n fúnra rẹ̀ ló ti sọ pé, "Ìyẹn ò le. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ́."

"Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ sá síbẹ̀ ni? Mo ti ṣèlérí fún àwọn ará Ìjẹ̀gùn pé mo máa wá sọ fún wọn bóyá omi yẹn ṣeé mu."

Dádì Gówọ̀n gbé ife náà kalẹ̀. "Ìyá ẹ ló wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n sunkún lórí àga tó o jókòó sí yẹn. Wọ́n ní tí mo bá fọwọ́ sí i, èmi ni mo gba ọmọ tó kù lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní n má sọ fún ẹ."

Hamdalah ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ìyá rẹ̀ ní òwú lòun ń lọ rà ní Ìkọ̀tún. Nígbà tó dé, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì jọ ṣàdúà kí Ọlọ́run la ọ̀nà. Ohùn ìyá ló ròkè jù nígbà tí wọ́n ń ṣe àmín.

Lórí ọ̀kadà tó gbé e padà sí Ìgàndò, Mùíz ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rò. Ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ ni Mùíz ní òun ń lọ kọ́ ní Síprọ́ọ̀sì. Ó kọ́kọ́ ń pè. Nígbà tó yá, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́, kò sì padà wálé títí di òní.

Ìyá rẹ̀, Sìdíkátù, wà nídìí máṣínì ìránṣọ rẹ̀, ó ń rán ẹ̀wù òtútù tí Hamdalah yóò wọ̀ lọ.

"O ti dé? Àlàájì ti fọwọ́ sí i?"

"Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́."

"Há! Àlàájì!" Ó gbé ọwọ́ lérí. "Kí ló dé? Wọn ò sọ nǹkan kan?"

Hamdalah fi àyè sílẹ̀ fún un kó jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ kò lo àyè náà.

"Wọn ò sọ nǹkan kan, Màámi."

"Fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, jàre. Bóyá nǹkan tí ò dáa ló wà níwájú." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Omijé gidi ni, ìyẹn ló dun Hamdalah jù.

Lọ́sàn-án, ó pe Dókítà Olúsànyà, ọ̀gá rẹ̀ nídìí ìwádìí náà. Ọ̀gá náà kẹ́dùn, ó ní àwọn ará Jámánì ò lè dúró. Ó ní bàbá Olútáyọ̀, tí òun àti Hamdalah jọ ń ṣiṣẹ́, lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọ rẹ̀. Kí Olútáyọ̀ máa kó ìgò omi kànga tí Hamdalah ti bù lọ sí Jámánì. Hamdalah ní kò burú. Ó wá ń ṣàlàyé kànga tí omi kọ̀ọ̀kan ti wá, títí dé orí ìgò tó kẹ́yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá. "Jẹun. Ṣebí ọdún mìíràn ń bọ̀."

Ó jẹ ẹ́. Gbogbo bó ṣe ń palẹ̀mọ́ láti ọjọ́ yìí, bí yóò ṣe padà wá ló ń tò: kó dé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí Súmbọ̀ ará yàrá kejì máa bá ìyá rẹ̀ pọnmi títí yóò fi dé. Ní báyìí, bó ti ń gbọ́ tí ìyá náà ń rọra kọrin níbi tó ti ń fọ abọ́, yàrá kan tó lè háyà ló ń rò, níbi tó jìnnà sí Ìgàndò. Títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò wá sí i lọ́kàn rí pé òun lè lọ kí òun má padà.